Ife Tó Dá Wà Lórí Ìṣó

Ẹ wo ọwọ́ mi, Pádírì, eruku ife irin ṣì wà lára rẹ̀, láti ilé iṣẹ́ ni mo ti ń sáré bọ̀, ẹ má sì ní kí n rọra sọ̀rọ̀ torí mi ò lè rọra sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ kó mi sí i. Ẹ̀yin ni. Àbí ta ló dúró lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ní ìgbàgbọ́ tí kò bá tẹ̀ lé èèyàn dé ibi iṣẹ́, ariwo lásán ni? Ta ló ní ẹni tó bá fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi, Jésù ló fún? Èmi Rafaqat tí mi ò kàwé débì kan, mo jókòó lórí ẹní, mò ń mi orí. Orí burúkú wo ni mò ń mì?

Alájì Nazir, ẹ mọ̀ ọ́n, bàbá ọ̀gá wa, arúgbó tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ń gbààwẹ̀ bí gbogbo wọn ṣe ń gbààwẹ̀, bí ara rẹ̀ ò tiẹ̀ yá, tí kò lè rìn dé mọ́ṣáláṣí mọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ bí oòrùn òní ṣe rí. Àwọn yòókù ti lọ kírun, èmi nìkan ló kù nídìí ẹ̀rọ, mò ń dán ife, eruku dúdú ti kún imú mi, ni mo gbọ́ gbì. Mo yíjú, bàbá ti ṣubú sáàárín àwọn páálí ife. Ojú rẹ̀ ti yí, ètè rẹ̀ ti funfun. Ó ní, "Omi." Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó tún ní, "Ọmọ mi, omi." Ọmọ mi ló pè mí, èmi tó jẹ́ pé "agbálẹ̀" ló máa ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Kristẹni, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó máa ń ní, "Agbálẹ̀, sún sẹ́yìn, òjìji ẹ ti ń kan bàtà mi."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n ní ó di ìgbà ìṣínu? Mo bu omi. Ife wo ni mo fi bù ú, ìbéèrè tẹ́yin náà fẹ́ bi mí nìyẹn, mo rí i lójú yín. Ife mi ni. Ife tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí nídìí, tí wọ́n gbé kọ́ sórí ìṣó lóun nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, kó má bàa fara kan tiwọn. Ẹ má wò mí báyẹn. Mo mọ̀ pé ife tuntun yí mi ká, òkìtì ife, gbogbo ife tí ìlú Gujranwala yìí fi ń mu omi, ọwọ́ mi yìí ló dán an, wọ́n fẹ́ ọwọ́ mi lára rẹ̀, ètè mi ni wọn ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà ni. Bí mo bá ki ife tuntun bọ omi, wọ́n á ní Kristẹni ti sọ ọjà di ẹlẹ́gbin, ta ló máa rà á? Tiwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ wa pé ká má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiwa. Nítorí náà mo mú tèmi. Tèmi nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fún èèyàn. Ṣé ìyẹn ló wá burú?

Ó mu ún. Ó mu ún tán, ó tún ní kí n bù sí i, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ dúdú yìí, ó ń ṣàdúrà fún mi. Pádírì, inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, àṣé bó ṣe máa ń rí nìyí, Jésù rèé tó fi láálì kun irùngbọ̀n.

Ni wọ́n bá wọlé. Ọmọ rẹ̀ níwájú, àwọn yòókù lẹ́yìn. Ojú wọn lọ sára ife kó tó lọ sára bàbá. Bàbá náà wo ojú wọn, ó wo ìdí ife, ó rí ọ̀dà pupa. Ó tutọ́ sí mi lójú. Ó ní, "Mo ń sùn ni, agbálẹ̀ yìí da omi ẹlẹ́gbin ẹ̀ sí mi lẹ́nu kí ààwẹ̀ mi lè bàjẹ́." Omi ọ̀hún ṣì ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀ o. Ọ̀pá tí mo bá a mú nílẹ̀, tí mo gbé lé e lọ́wọ́, òun náà ló fi gún mi láyà. Ibí nìyí. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ ò fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó dáa.

Tufail tó ń di páálí, Mùsùlùmí bíi tiwọn ni, òun nìkan ló lanu. Ó ní, "Ọ̀gá, ara bàbá ò yá, Ọlọ́run gan-an ò béèrè ààwẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn." Wọ́n gbá a létí. Ló bá kọjú sí mi, ó ń bú mi, ó ń tì mí, ó tì mí títí dé ẹnu ọ̀nà, ó wá sọ sí mi létí pé, "Sá lọ, aláìlórí, wọ́n ti ń pe àwọn ará ọjà jọ." Èébú tó dùn jù tí wọ́n bú mi rí láyé mi nìyẹn.

Kí lẹ ní? Kí n dárí jì í? Mo ti dárí jì í, Pádírì. Láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ dé ibí ni mo ti ń dárí jì í, ìdáríjì náà ò dá wọn dúró, wọ́n ṣì ń bọ̀.

Kí lẹ tún ní? Ọgbọ́n? Ó yẹ kí n ti lo ọgbọ́n? Irú ọgbọ́n tẹ́ ẹ lò lọ́jọ́ Kérésì yẹn, tí ọmọ Alájì wá kí yín, tẹ́ ẹ gbé ife tuntun fún un nínú ọ̀rá, tẹ́ ẹ ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ já ọ̀rá náà, kó lè rí i pé ètè wa ò tíì kàn án? Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé àwo oúnjẹ dání. Ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun, ẹ ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ máa rọra mu ún." Ẹ ti mọ̀ látijọ́ pé bí a ṣe ń wàásù kọ́ la ṣe ń gbélé ayé. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ìyẹn fún mi lórí pẹpẹ? Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹ̀yin wàásù tán, ẹ lọ mu tíì yín, èmi òpè ni mo lọ ṣe é.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ ń wò. Ẹ rò pé mi ò rí i. Ẹ ní àwọn ọmọbìnrin yín wà nínú yàrá, mo mọ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹ ní kí n gba ibẹ̀ sá lọ, ẹ ní ẹ máa fi àdúrà tẹ̀ lé mi. Bí mo bá sá, wọ́n á ní lóòótọ́ ni mo ṣe é, gbogbo ilé Kristẹni tó wà ní àdúgbò yìí ni wọ́n sì máa dáná sun dípò mi, títí kan ilé yín. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé bàbá ló béèrè omi. Ẹnu mi ò gbé e, agbálẹ̀ ni mí, ta ló ń gbọ́ agbálẹ̀? Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní sàhíbù, ẹni ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀gá mi ń bọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ìyẹn? Alùpùpù ni, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn, ẹ jẹ́ n kọjá. Mi ò jáde. Ìdábùú rẹ̀ ni mo fẹ́ tì. Ó ti wọlé. Irin yín dáa, ó le. Àga yín ni mo jókòó lé yìí, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn, Pádírì. Èmi ti jókòó.