Ọwọ́ Tíṣà Tí N Kò Lè Tẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìkìrun. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, Tíṣà mi àtijọ́ fẹ́ pè mí síwájú ìjọ wọn ní Ìnísà, kí gbogbo ènìyàn lè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé èmi ni mo gba ẹ̀mí wọn là. Irọ́ ni.

Tíṣà ló di ọwọ́ mi mú ní kékeré títí mo fi lè kọ orúkọ mi. Ọ̀kadà ló gbá wọn lójú ọ̀nà Òkukù, wọ́n sì forí sọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn wa, wọn ò lajú, wọn ò fọhùn. Dókítà tẹ èékánná wọn kó lè dùn wọ́n, apá méjèèjì sì ká sáyà, ó le gan-an. Àmì burúkú nìyẹn fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa. Ó ní kí n tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá fa ọwọ́ kúrò níbi tó ń dùn wọ́n, a jẹ́ pé iyè ń sọjí, a ó tètè gbé wọn lọ sí Òṣogbo. Bí ọwọ́ bá ṣì ń ká sáyà, ó ní ìrìn àjò yẹn ò lè ṣe wọ́n láǹfààní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Láàárọ̀, mo di ìka wọn mú, ojú sì tì mí. Èmi ni kí n mọ̀ọ́mọ̀ pa Tíṣà lára? Mo kúnlẹ̀, mo ní, ẹ káàárọ̀ sà. Mo kàn fọwọ́ ba èékánná yẹn ni. Wọn ò mira. Mo lọ sọ fún dókítà pé mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, pé ọwọ́ ṣì ká sáyà bíi tàná.

Dókítà sọ fún ìyàwó wọn pé a ò ní gbé wọn lọ sí Òṣogbo mọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá náà. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní kí n fi bí mo ṣe ṣe é han àwọn, wọ́n sì ń wo ọwọ́ mi. Mo tún kàn fọwọ́ ba èékánná náà, ni wọ́n bá gba ìka ọkọ wọn lọ́wọ́ mi.

"Olówó orí mi, ẹ má bínú. Ó máa dùn yín."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò sì dẹwọ́. Irú obìnrin wo rèé! Àfi bí Tíṣà ṣe fa ọwọ́ yọ, tí ọwọ́ kejì sì wá ń ti Màmá dànù. Mo sáré lọ pe dókítà.

Bí wọ́n ṣe ń gbé Tíṣà sínú ọkọ̀ Òṣogbo, Màmá fà mí mọ́ra. "Olùkọ́ rẹ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ni." Wọn ò sọ irọ́ tí mo pa fún ẹnikẹ́ni títí dòní.

Tíṣà ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, wọ́n tún ti ń bá mi wí tí mo bá pe gẹ̀ẹ́sì lódì. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó tẹ àwọn lọ́wọ́ tí àwọn fi jí, èmi ni Màmá nàka sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá jẹ́wọ́, ṣé n ò ní sọ Màmá di onírọ́ lójú ọkọ wọn? Tí mo bá sì dákẹ́, ẹni tó yẹ kí ìjọ dìde fún ni yóò jókòó sẹ́yìn, tí yóò máa pàtẹ́wọ́ fún mi.