Imú Sítóòfù

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo tò sẹ́yìn tọkọtaya Yorùbá kan ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ní Schaumburg, nítòsí Chicago. Ọkọ gbé páìpù irin kan dání.

“Dádì, ẹ fẹ́ dá ihò sára ògiri ilé wa nínú òtútù Chicago yìí? Seriously?” ni ìyàwó wí.

“Fara balẹ̀. Atẹ́gùn pálọ̀ tá a ti mú gbóná ni sítóòfù tó ń mú ilé wa gbóná fi ń jó igi wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, tó sì ń tú u síta. Òtútù á wá gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó yẹ kí sítóòfù máa gba inú páìpù yìí fa atẹ́gùn tiẹ̀ láti ìta.”

“Ṣé ìdí nìyẹn tí iná rẹ̀ fi ń rẹlẹ̀ tí mo bá tan fáànù tó ń fa èéfín kíṣìnì síta?”

“Òun gan-an! Òun àti fáànù yẹn jọ ń du èémí kan náà ni. Jẹ́ ká ra imú tiẹ̀ fún un.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

“Màámi, ẹ má tìtorí òtútù padà sí Ìbàdàn mọ́ o. Ọkọ mi ti ra imú fún sítóòfù!”

Ohùn ìyá àgbà dáhùn ketekete: “Bá mi kí i. Kó ra ìbọ̀sẹ̀ fún ẹsẹ̀ tèmi náà bọ̀.”