Ẹni Tó Di Ààyè Mi Mú Níbi Iṣẹ́ Kajù

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín, okun o. Ọpẹ́ mi kò gùn, àmọ́ ó wúwo lọ́kàn mi. Èmi Ìyá Tóyìn tí mo máa ń jókòó lẹ́yìn àwọn kúáyà, Ọlọ́run ló jẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn wá síwájú yín lónìí.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa kajù, lọ́nà Aiyetoro-Gbede, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Káṣúà ni wá. Láràárọ̀, a máa ń tò sẹ́nu géètì, súpáfáísọ̀ á wá nawọ́ sí àwọn tó máa wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá nawọ́ sí, ilé ló ń lọ. Ẹni tó bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, ẹlòmíì ti jókòó sí ààyè rẹ̀. Bíríkìlà ni ọkọ mi. Bí kò bá sí ẹni tó ń kọ́lé, òun náà á jókòó sílé. Ìṣòro wa nìyẹn: kì í ṣe pé a ò níṣẹ́, a kàn máa ń sùn láì mọ̀ bóyá ilẹ̀ á mọ́ bá iṣẹ́ ọ̀hún lọ́wọ́ wa.

Mo wá lóyún. Súpáfáísọ̀ kì í nawọ́ sí aboyún, mo bá ń fi ọ̀já di ikùn, mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi lé e. Àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń gbà láràárọ̀: "Olúwa, jẹ́ kó nawọ́ sí mi." N kò rántí gbàdúrà fún ọmọ inú mi.

Lọ́jọ́ kan, a ti tò tán, inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Mo lóṣòó bí ẹni ń tún sálúbàtà ṣe. Ìyá Ibùkún, ará Ẹ̀júkù, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti nawọ́ sí i kẹ́yìn. Ó lóṣòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Máa lọ sí ọsibítù."

Mo ní, "Bí mo bá lọ, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn."

Ó ní, "Lọ. Màá bá ọ di ààyè rẹ mú."

N kò gbà á gbọ́. Ta ni ebi ń pa tó máa di oúnjẹ mú de ẹlòmíì? Ìrora ló lé mi gun ọ̀kadà.

Dókítà ní kí n dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí n ó fi bí. Ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa wá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n gbàdúrà. Mo la ẹnu láti tọrọ iṣẹ́, ọmọ ni mo gbọ́ tí mò ń tọrọ. Ẹ̀jẹ̀ dá. Oyún dúró. Nígbà tó tó àsìkò, mo bí i ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tí ara mi le, mo padà sẹ́nu géètì. Súpáfáísọ̀ ní kò sí ààyè mọ́. Ìyá Ibùkún, tí wọ́n ti ń nawọ́ sí ní ipò mi láti ọjọ́ yẹn, gbọ́ ohùn mi láti inú ilé iṣẹ́, ó jáde wá, ó ní, "Ọ̀gá, òun ló ni ibi tí mo jókòó sí. Mo ti bá a ṣe àdéhùn." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi.

N kò lè gbà á. Mo mọ iye ẹnu tó ń retí rẹ̀ nílé. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká máa pín in. Kó wá lónìí, kí n wá lọ́la."

Ọ̀gá ní kò kan òun, bí iṣẹ́ bá ṣáà ti parí. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọjọ́ tó bá kàn mí, Ìyá Ibùkún ló ń bá mi tọ́jú ọmọ.

Ẹ má rò pé wọ́n ti sọ wá di òṣìṣẹ́ gidi o. Lọ́la, wọ́n lè ní ká má wá mọ́. Ṣùgbọ́n Olúwa ti gbà mí lọ́wọ́ ìbẹ̀rù tó fẹ́ jẹ́ kí n sọ ọmọ mi nù nítorí iṣẹ́ òòjọ́. Tirẹ̀ ni ògo.

Ìyá Ibùkún kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Òun ló dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, tó pọn ọmọ náà. Ìyá Ibùkún, jọ̀ọ́, máa bọ̀ níwájú. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ sì bá òun náà yọ̀.