Wáyà Inú Páìpù

Ẹ má tíì gbé áńtẹ́nà yẹn kọ́ ògiri. Ẹ fi òòlù sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń fi rédíò bá ayé sọ̀rọ̀, ẹ jókòó. Dókítà ní ọ̀fun mi yìí kò ní pẹ́ dákẹ́, n kò sì ní jẹ́ kó dákẹ́ ti òun ti irọ́ tó ń jẹ ẹ́.

Baba Ẹlẹ́ka lẹ ń pè mí. Gbogbo yín lẹ mọ áńtẹ́nà ẹlẹ́ka tó sọ mí di bàbá: wáyà tí mo ká bí eyín ayùn, tí eyín kọ̀ọ̀kan bí eyín kéékèèké tirẹ̀, tí àwọn yẹn náà tún bímọ, tí gbogbo ọmọ jọ ìyá, títí wáyà gígùn fi wọ inú férémù tí kò ju ojú fèrèsé lọ. Ọgbọ́n yẹn kì í ṣe irọ́ o. Àwọn tó mọ ìṣirò rẹ̀ ń lò ó, wọ́n sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo lọ, lẹ́yìn tí mo bá ti mọ bíríkì láti àárọ̀; ibi tí olùkọ́ bá ti dé orí ìṣirò ni oorun ti ń gbé mi lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e kọ́ fàráńdà, ohùn mi kò kọjá òpópónà kejì. Ẹ̀yin alákọ̀wé sì ti ní ẹ ń bọ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo àwọ̀n tí bíríkìlà hun," lẹ wí, ẹ sì kú fún ẹ̀rín. Ìbínú ẹ̀rín yẹn ni mo fi ti wáyà gígùn kan sínú páìpù omi oníke ẹ̀yìn ilé, tí mo sì yọ́ so ó mọ́ rédíò dípò férémù. Òkèèrè dáhùn! Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ tẹ búrẹ́dì wò kí ẹ tó rà á, ẹnì kan nínú yín kò yọ férémù yẹn wò!

Wẹ́dà, àbúrò ìyàwó mi tó ń jó irin, ń gbé etí odò nígbà náà. Wáyà gbọọrọ kan ló ta láti òrùlé mọ́ igi, ohùn rẹ̀ sì ń dé òkèèrè dáadáa. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Wẹ́dà, okùn ìsáṣọ lo fi ń sọ̀rọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá, ẹ ká irú tiyín fún mi nígbà náà."

Mo ká a. Ó tú tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ di okùn tó fi ń di ẹrù.

Ọdún yẹn ni odò kún. Òpó fóònù wó, Wẹ́dà àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún sá kúrò nílé, wọ́n gbé rédíò àti férémù mi dání, ìrọbí sì mú ìyàwó lọ́nà. Ọ̀sán ni. Mo wà nídìí rédíò, gbogbo ẹgbẹ́ ń gbọ́ mi. Ohùn kan wọlé bí ẹ̀fọn inú ìgò: "Bùrọ̀dá... ìrọbí... a wà ní..." Ibi tí wọ́n wà gan-an kò wọlé. Mo mọ gbólóhùn tó lè gbà wọ́n: "Ju férémù yẹn nù, tú wáyà tó o fi di ẹrù, ta á sórí igi." Ó ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún pè mí ní bàbá? Mo gbé e mì. "Yí férémù yẹn díẹ̀," ni mo wí. "Tún un sọ." Ó ń tún un sọ títí bátìrì rẹ̀ fi kú.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ ojú omi tó rí wọn. Ìyá yè. Ọmọ kò yè.

Wẹ́dà gbé férémù náà tọ̀ mí wá, ó dọ̀bálẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Ó ní láti jẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́ wọ́ nínú omi ni." Mo sì dárí jì í! Ẹ gbọ́ mi? Èmi, ìkà, èmi ni mo dárí jì í!

Òun ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Òun náà ló jó irin tí ẹ fẹ́ fi gbé áńtẹ́nà mi kọ́ fún ìyẹ́sí mi.

Wẹ́dà, mo bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má dá mi lóhùn lónìí. Gba òòlù lọ́wọ́ wọn. Lọ sẹ́yìn ilé mi, fọ́ páìpù yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tẹ̀lé e, kí ẹ fọwọ́ kan wáyà náà. Bẹ́ẹ bá sì tún rí ẹni tó ní tòun ń dé òkèèrè, ì báà jẹ́ bàbá tó bí yín, ẹ tú u wò kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.