Omi Tí A Mu Nínú Ààwẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ tún gbé e ga, ó tọ́ sí i!

Ẹ mọ̀ pé láàbù yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n tó bá ti mú èèyàn, kò ní oògùn tirẹ̀. Ohun tí à ń wá ni áńtíbọ́dì, ìyẹn ohun ìjà tí ara ẹni tó ti borí àìsàn náà rọ pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Tá a bá rí èyí tó múná, a lè fi ṣe oògùn fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ wa tó ń gbé ní Bọ́lọ́rundúró tí ibà náà ti bá jà kọ̀ jálẹ̀, wọn ò fún wa ní ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà sì ní tí a ò bá rí ẹ̀jẹ̀ kí oṣù tó parí, àwọn á pa á tì.

Mo sunkún wá bá Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, ní Oǹdó níbí. Wọ́n kéde ààwẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Ẹ gbà mí o! Ààwẹ̀ ò tíì parí tí Ìyá Ìjọ, tí ibà náà mú àwọn náà rí, fi pè mí pé gbogbo wọn ti gbà. A gbé kúlà tí a fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀, ó di Bọ́lọ́rundúró.

Àṣé gbogbo wọn ló ń gbààwẹ̀, wọn ò fẹnu kan omi! A wá iṣan tí a máa ti fa ẹ̀jẹ̀ títí, iṣan ti sá. Bàbá kan tiẹ̀ fẹ́ dákú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mu omi kí iṣan lè yọ.

Ìyá Ìjọ ní, “Ọmọ mi, torí tìẹ la ṣe ń gbààwẹ̀, ìwọ náà lo tún fẹ́ bà á jẹ́?”

Ọkàn mi já, torí ọjọ́ kejì ni oṣù máa parí. Mo gbàdúrà nídìí kúlà, mo wá pe Fíkà. Wọ́n gun ọ̀kadà dé, wọ́n wò wá, ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n bu omi, wọ́n mu ún níṣojú gbogbo wa.

Wọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ lẹ ní kí Ọlọ́run bá wa wá. Ẹ̀yin rèé, ẹ̀jẹ̀ rèé. Kí lẹ tún ń dúró dè?”

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ nawọ́ gba ife. Gbogbo wọn mumi, wọ́n jẹ iṣu, iṣan yọ bí okùn!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, áńtíbọ́dì inú ọ̀kan nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn mú fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ibà náà mọ́lẹ̀ ní láàbù wa, kò lè mira! Oògùn ò tíì dé o, iṣẹ́ ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń náwó sí i ò pa wá tì mọ́. Òfin iṣẹ́ wa ò gbà kí n sọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà. Torí náà, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ nawọ́ fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ dìde, kí olúkúlùkù jó bíi pé òun ni. Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá wọn jó, Ọlọ́run ló ni ògo!