Ohùn Alhaja Nínú Ráàpù

Wọ́n ń pààrọ̀ táyà mi ní Mission Bend, lẹ́bàá Houston, mo sì ń ṣe bí ẹni ń ka fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi, èmi tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ sí nìkan ló yé mi, ni mo gbọ́ Alhaja kan àti ọmọ ẹ̀ tó ń kọ ráàpù.

"Mọ́mì, oríkì tí ẹ fi ń jí mi ló bẹ̀rẹ̀ àlíbọ́ọ̀mù mi. Ẹ gbọ́."

Ó tẹ fóònù. Ohùn ńlá kan ń wọ́ jáde bí ẹni tí oorun ń kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Mo gbà á sílẹ̀ ni. Báyìí la ṣe ń fa orin ní Houston, a máa ń jẹ́ kí ohùn falẹ̀ kó sì ki."

"Èmi tí mo ti Mẹ́kà bọ̀, o wá sọ mí di egúngún!"

"Tí ẹ bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n òun ló dùn jù níbẹ̀."

Alhaja na ọwọ́ sí fóònù.

"Yọ ti egúngún yẹn. Gbé fóònù wá. Màá fà á fúnra mi."

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó fa "Àkànní" gùn, gùn, títí ọmọ fi ń bẹ̀ ẹ́:

"Mọ́mì, ó ti tó! Ẹ ti fà á ju Houston lọ."