Orúnkún Mi Ti Ń Ká Tipẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Àìsàn ìyá ọkọ mi, ní Ìrè-Èkìtì níbí, ló jẹ́ kí n la ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Bí ẹ bá sì bú mi náà, ojú mi ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tíṣà ni mí. Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ, àbúrò ọkọ mi obìnrin wà ní pírámárì márùn-ún, kíláàsì tèmi gan-an. Ní ilé ìwé, mo ń pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Bí a bá délé, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìbàdíàrán ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, nítorí pé mo bá a nílé. Ìyá ọkọ mi á dúró wò ó bóyá orúnkún mi kanlẹ̀. Àṣà wa ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń kúnlẹ̀ síra wọn lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Ọ̀yẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lórúnkún, ẹsẹ̀ mi sì le bí igi. Dókítà yá wa ní irin kan gbé relé. Bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń dè é mọ́ itan àti ojúgun. Bí wọ́n bá ń yí ọwọ́ irin náà, á máa ká orúnkún díẹ̀díẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló ń yí i. Àràárọ̀ ni, kò jẹ́ kó yẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, tìfẹ́tìfẹ́ ló fi ṣe é.

Ní oṣù kẹta tó ti ń yí i, mo dá nìkan kúnlẹ̀ nínú yàrá. Mo dìde, mo tún kúnlẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín Ìbàdíàrán níta. Mo na ẹsẹ̀ mi gbọọrọ. Mo ní kò ká mọ́, irin ti sú mi, ọkọ mi sì dá a padà. Láti ọjọ́ náà, ìdúró ni mo ń kí gbogbo ilé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, bí ìjọ bá kúnlẹ̀, èmi á jókòó.

N kò tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ní mo ṣe àṣejù, kó lọ kúnlẹ̀ kí ọmọ tó ń nà ní kíláàsì ná.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ìyá gbà pé òun ló ba ẹsẹ̀ mi jẹ́. Ó ń sọ fún àlejò pé, "Uṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo yí irin náà jù." Arúgbó yìí ń pọnmi dípò mi. Mo ń wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wò ó ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti súre fún mi. Ó ní, "Má dààmú àtikúnlẹ̀ o, uyàwó. Dárí jì mí." Ìdúró ni mo fi ṣe àmín.

Bí mo bá kúnlẹ̀, á mọ̀ pé mo tan òun jẹ fún ọdún mẹ́fà. Bí n kò bá kúnlẹ̀, á gbé ẹ̀bi tèmi lọ sọ́run. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má fi àṣà dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ìbàdíàrán kò ní rí ìkúnlẹ̀ mi láéláé. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti húkọ́ báyìí, orúnkún mi ti ń ká fúnra rẹ̀.